Ẹni Tí A Bi Ni Kó Dáhùn

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀fà, ohun kan sì wà tí mi ò gbà rí nínú kíláàsì mi. Bí mo bá bi ọmọ kan ní ìbéèrè, tí ẹlòmíràn wá gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu, màá ní kí alásọjù yẹn dìde dúró títí aago yóò fi lù. "Ẹni tí mo bi ni kó dáhùn." Àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n sórí. Àwọn tí mo ti kọ́ tí wọ́n ti di ìyá ọlọ́mọ ṣì máa ń fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ tí a bá pàdé lọ́jà. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó hu ìwà tí mo fẹ́ ròyìn yìí.

Bàbá mi ni ládàánì mọ́sáláṣí àdúgbò wa, àwọn ló ń pe ìrun. Kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n. Wọ́n a máa na àsíá sí ọkọ̀ ojú irin, pupa fún ìdúró, àwọ̀ ewé fún ìlọ, kò sì sí ohun tí wọ́n kórìíra tó kí nǹkan pẹ́ ju àkókò rẹ̀ lọ. Nígbà tí iṣẹ́ ìjọba parí, wọ́n gbé àkókò wọn lọ sí mọ́sáláṣí. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, láti ìgbà náà wá. Àwọn ará àdúgbò a máa sọ pé bí ohùn Ládàánì àti aago ò bá bára mu, kí olúwarẹ̀ lọ tún aago rẹ̀ ṣe.

Èmi ni mò ń gbé pẹ̀lú wọn. Ìyá wa ti kú, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, àwọn ọmọ mi ti wọ yunifásítì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan ṣoṣo sì fi Èkó ṣe ilé. Nítorí náà, nígbà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ láàárín mọ́sáláṣí sí ilé, ìrìn tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí. Ẹsẹ̀ wọn wú débi pé bàtà tí wọ́n ti ń wọ̀ látọjọ́ pípẹ́ kò gbà wọ́n mọ́. Wọn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni mò ń kó sí wọn lẹ́yìn kí wọ́n tó lè rí oorun díẹ̀.

Ìlọrin la gbé wọn lọ, sí ọsibítù kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọkàn. Obìnrin ni dókítà tó rí wa, kò sì lè fi bẹ́ẹ̀ ju àkọ́bí mi lọ. Ó ṣàlàyé fún wa ní Yorùbá tó já gaara pé ó ti rẹ ọkàn Bàbá, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ síwájú bó ṣe yẹ mọ́, ìdí nìyẹn tí omi fi ń kó sí wọn lẹ́sẹ̀ àti láyà. Ó kọ oògùn mẹ́rin fún wa. Ọ̀kan nínú wọn, hóró funfun kékeré, ni oògùn omi. Òun ló ń fa omi náà jáde, ó sì ń mú kí èèyàn tọ̀ léraléra. Dókítà wo Bàbá lójú, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ máa lè lo èyí lójoojúmọ́? Ṣé kò ní dí yín lọ́wọ́?"

Kí Bàbá tó la ẹnu, mo ti dáhùn. "Kò sí wàhálà, dókítà. Wọ́n máa lò ó. Èmi ni màá máa fún wọn."

Bàbá tún fìlà wọn dé.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ rí Bàbá fín. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó mọ ìtọ́jú òbí kì í jẹ́ kí òbí ṣe wàhálà ọ̀rọ̀ sísọ. Ọmọ ní ń gba káàdì, ọmọ ní ń tò sórí ìlà, ọmọ náà ní ń ṣàlàyé ibi tó ń dun òbí. Àgbà á jókòó jẹ́ẹ́, á máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀. Gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Mo rò pé mo ń ṣe dáadáa ni. Inú mi tiẹ̀ dùn sí ara mi.

Bí a ṣe délé, mo ṣètò. Ìyá mi tọ́ mi pé oògùn kì í wọ inú òfìfo, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá kì í jẹun ní kùtùkùtù. Bí wọ́n bá ti ìrun àsùbáà dé, wọ́n á tún sùn, wọn kì í fẹ́ rí oúnjẹ títí di aago mẹ́wàá. Ilé ìwé mi ò jìnnà sílé. Tí àwọn ọmọ bá ti jáde lọ ṣeré ní aago mẹ́wàá, màá sáré wálé, màá gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí iyọ̀ rẹ̀ ò tó nǹkan fún Bàbá, màá dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi jẹ ẹ́, màá wá kó oògùn lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n á kó o sẹ́nu, wọ́n á mu omi. Wọ́n á ní, "O ṣeun, Tíṣà." Orúkọ tí wọ́n fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ nìyẹn. Màá tún sáré padà sí kíláàsì.

Kò ju oṣù kan lọ tí ẹsẹ̀ náà tún fi wú. A padà sí Ìlọrin. Dókítà bi Bàbá bóyá wọ́n ń lo oògùn omi yẹn lójoojúmọ́. Mo ní, "Lójoojúmọ́, dókítà. Ojú mi báyìí ni wọ́n ti ń gbé e mì." Ó sọ ọ́ di méjì. Nígbà tó yá, wọ́n dá Bàbá dúró fún ọjọ́ márùn-ún, wọ́n gún wọn ní abẹ́rẹ́, omi náà sì dà jáde lára wọn, wọ́n mí kanlẹ̀. Kí wọ́n tó tú wa sílẹ̀, dókítà tún bi wọ́n bóyá ohun kan wà nínú oògùn náà tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Èmi náà ni mo tún dáhùn. Ó sọ ọ́ di mẹ́ta. A délé, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ tún wú.

Ọ̀rọ̀ náà tojú sú dókítà. Ó ní tí oògùn ò bá ràn án, á jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó wà nínú ọkàn Bàbá ti bàjẹ́ ju bí òun ṣe rò lọ, ó sì lè gba iṣẹ́ abẹ. Ó ní ewu wà níbẹ̀ fún àgbàlagbà, kí Bàbá lọ rò ó, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Bàbá kọ́ ló rò ó. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la rò ó lórí fóònù, nínú yàrá mi, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì. A fẹnu kò pé Èkó ni wọ́n ti máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà, pé Bàbá ò sì ní padà wá sí Ọ̀fà mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á kun yàrá kan sílẹ̀ dè wọ́n. Mọ́sáláṣí á wá ládàánì míì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má tíì sọ fún Bàbá, kí ọkàn wọn má bàa dàrú. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Bàbá lọ pe ìrun alásárì, mo wọ yàrá wọn lọ láti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ẹrù wọn kó jọ. Kẹ́tùlù oníke kan wà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá tẹ́lẹ̀, ó ti là lẹ́nu, wọ́n fi í kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo mú un kí n lọ jù ú nù. Ó ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀. Mo dà á sórí bẹ́ẹ̀dì. Hóró funfun kéékèèké ni, òmíràn ti lẹ̀ mọ́ra, òmíràn itọ́ ti jẹ ẹ́ lára. Gbogbo ọjọ́ tí mo ti ń sáré wálé láti ilé ìwé ló wà níbẹ̀.

Inú bí mi gan-an. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi ni pé, "Kí wọ́n gbé e mì lójú ẹ lónìí. Kí wọ́n la ẹnu kí o yẹ̀ ẹ́ wò." Mo ní ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló tọ́. Mo ka mẹ́ta sínú àwo, mo bu omi sínú ife, mo jókòó dè wọ́n.

Bàbá wọlé. Wọ́n rí àwo, wọ́n rí kẹ́tùlù. Mi ò ní purọ́, mo sọ̀rọ̀ sí bàbá tó bí mi bí ẹni ń bá ọmọ tó jí ṣọ́ọ̀kì kó wí. "Ṣé ẹ fẹ́ kú ni? Ṣé ẹ fẹ́ kí ayé máa sọ pé mi ò tọ́jú yín ni?"

Wọ́n jókòó. Ó gbà wọ́n lákòókò kí èémí wọn tó wálẹ̀. Wọ́n wá ní, "Tíṣà, ta ló jẹ́ kí n dáhùn?"

Mo ní, "Kí ni wọ́n bi yín tí ẹ ò dáhùn?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọmọ dókítà yẹn bi mí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ìwọ dáhùn. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Èmi jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú orí mi, ẹ̀yin méjèèjì sì ń fá a."

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò wá sọ ọ́ fún èmi nílé?"

Bàbá wo ọwọ́ wọn pẹ́. Wọ́n ní àwọn lo oògùn náà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn pe ìrun àílà tán, àwọn dúró ní ìlà iwájú, lẹ́yìn lèmọ́mù gan-an. Ìrun ti bẹ̀rẹ̀. Ìtọ̀ dé. "Mo rò pé mo lè mú un dúró. Kò dúró." Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló bọ́ agbádá rẹ̀, tó dà á bò wọ́n, tó sìn wọ́n wálé, kò sì sọ fún ẹnì kan títí dòní. "Èmi tí mò ń pe èèyàn wá síbi mímọ́, èmi ni mo ba ẹní ibẹ̀ jẹ́. Mo padà lọ lẹ́yìn tí wọ́n túká, mo fọ ẹní yẹn fúnra mi. Ṣé ìyẹn ni kí n máa sọ fún ọmọ mi obìnrin?"

Mo bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún tó bójú mu rárá. Mo sọ òótọ́ fún wọn, ohun tí mi ò tíì sọ fún ara mi pàápàá: ẹ̀rù ló ń bà mí. Mi ò fẹ́ kí dókítà bi wọ́n, kí wọ́n má bàa lọ mú ọ̀nà tó máa pa wọ́n.

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n mo ti lọ mú un láìsọ fún ẹ."

Mo wá kúkú sọ ti Èkó náà, torí ọ̀rọ̀ ti kúrò lábẹ́ aṣọ. Mo sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà, mo sọ ti yàrá tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kùn, mo sọ pé wọn ò ní padà wá. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ ti kun yàrá náà?" Mo ní a ò tíì kùn ún. Wọ́n mi orí.

Mo nu ojú mi, mo ti àwo oògùn náà sí wọn. Mo ní ó dáa, kí wọ́n lo tòní ná. Wọ́n kọ̀. "Mú mi lọ bá dókítà ná. Ohun tí mo bá máa ṣe, kí n ṣe é lójú rẹ̀." Inú mi ò dùn, ṣùgbọ́n mo dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sínú ọ̀rá wọn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo gbàyè níbi iṣẹ́, a wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin. Bàbá fúnra wọn ló kó àwọn hóró náà padà sínú kẹ́tùlù, tí wọ́n gbé e sórí itan nínú ọ̀rá dúdú. Nígbà tó kàn wá, dókítà kí wọn, ó ní, "Bàbá, báwo lara? Ṣé oògùn omi yẹn ń ṣiṣẹ́?"

Ẹnu mi là fúnra rẹ̀. Mo pa á dé. Àgbà tí ẹlòmíràn ti ń bá dáhùn látọjọ́ pípẹ́ kì í tètè rí ohùn ara rẹ̀. Dókítà yíjú sí mi, bí a ṣe ti kọ́ ọ. Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Dókítà, Bàbá lẹ bi."

Bàbá tú ọ̀rá, wọ́n gbé kẹ́tùlù sórí tábìlì láàárín àwọn fáìlì. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti ẹní. Dókítà ò rẹ́rìn-ín, kò sì bá wọn wí. Ó gbé àga rẹ̀ yípo tábìlì, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

Ó ní, "Bàbá, mẹ́ta tí mo kọ kẹ́yìn yìí, ṣé ẹ ò lò ó rí?"

"Mi ò lò ó rí."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun ń sọ ọ́ di púpọ̀ nítorí òun rò pé kò ṣiṣẹ́ ni. Ó ní ká ní Bàbá kàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kó mẹ́ta mì, ó lè fa omi ara wọn gbẹ, kí òòyì kọ́ wọn, kí wọ́n ṣubú, kí kíndìnrín wọn sì fara gbá a. Kò wojú mi rárá. Èmi ń rí àwo àti ife omi tí mo gbé dè wọ́n ní Sátidé.

Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò béèrè rí ní ọsibítù: aago mélòó ni Bàbá ń pe ìrun? Bàbá jókòó dáadáa. Wọ́n ka àkókò márààrún bí ìgbà tí wọ́n ń ka àkókò ọkọ̀ ojú irin. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Aago mélòó ni wọ́n sì ń fún yín ní oògùn?"

"Mẹ́wàá. Lẹ́yìn oúnjẹ."

"Kí ló dé tó fi di mẹ́wàá?"

Bàbá fi àgbọ̀n júwe mi. Ó kàn mí láti sọ̀rọ̀ wàyí. Mo ní, "Oògùn kì í wọ inú òfìfo."

"Èyí lè wọ̀ ọ́," ni dókítà wí. Ó ní bíi wákàtí mẹ́fà ni oògùn náà fi ń ṣiṣẹ́. Tí Bàbá bá gbé e mì bí wọ́n ṣe ń ti àsùbáà dé, kó tó di aago méjìlá ó ti parí, wọ́n á sì lọ pe ìrun àílà pẹ̀lú àlùwàlá wọn. Gbogbo bí mo ṣe ń sáré wálé lójoojúmọ́ yẹn, èmi ni mò ń gbé ìtọ̀ náà lọ síbi tó ti máa dójú tì wọ́n.

Ó wá to ọ̀nà tó wà nílẹ̀ fún Bàbá: oògùn kan ṣoṣo láàárọ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, tàbí kí a lọ fún iṣẹ́ abẹ náà. Ó sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Kò fi pa mọ́ pé ọkàn yìí ò ní di tuntun, ọ̀nà yòówù tí a bá gbà. Mi ò mọ̀ pé Bàbá ní ìbéèrè tó bẹ́ẹ̀ nínú. Wọ́n bi í bóyá ohùn wọn á ṣì dún bí wọ́n bá là wọ́n láyà. Wọ́n bi í bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa rí níkẹyìn tí àwọn ò bá ṣe é. Mo fẹ́ di etí mi sí ìyẹn. Dókítà dá wọn lóhùn, Bàbá sì gbọ́ ọ tán láìṣẹ́jú.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lo oògùn tí mi ò tíì lò," ni wọ́n wí. "Oṣù mẹ́ta. Tí kò bá gbọ́, màá gbà kí wọ́n là mí."

Dókítà gbà, ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn kan kún un. Kí Bàbá máa gun òṣùwọ̀n láràárọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí i pé kílò méjì ti lé lára wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀, omi ti ń padà nìyẹn. Kí wọ́n pe òun, kí wọ́n má sì jáde, kí ẹlòmíràn bá wọn pe ìrun. Bàbá dúnàá-dúrà. Wọ́n ní ṣé àsùbáà nìkan ò lè yọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Dókítà ní kò lè yọ. Wọ́n ní, "Ó dáa," bí ẹni tó ń dá àsíá ìjọba padà.

Nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi, ariwo ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Èmi ni. Kun yàrá náà kó dáa. Mò ń bọ̀ wá kí yín ní Iléyá." Wọ́n dá fóònù padà fún mi.

Ẹsẹ̀ náà fọn. Bàtà tún gbà wọ́n. Oṣù mẹ́ta pé, ó kọjá, a ò sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ mọ́. Mo ra òṣùwọ̀n, Bàbá sì fa ìlà sínú ìwé kan, wọ́n ń kọ ìwọ̀n wọn sínú rẹ̀ láràárọ̀. Mo padà ń sinmi pẹ̀lú àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ní aago mẹ́wàá, ó sì kọ́kọ́ ń ṣe mí bíi pé mo gbàgbé nǹkan sílé.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí, àsùbáà kan, mo jí, mo gbọ́ ìpè ìrun. Ohùn Bàbá kọ́. Mi ò rántí gèlè, mi ò rántí bàtà. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá mi dé tiwọn, mo ti sin bàbá mi tán nínú ọkàn mi.

Wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì nínú jàlàbíà wọn, fìlà lórí, òṣùwọ̀n nílẹ̀, ìwé lórí orúnkún.

"Kílò méjì," ni wọ́n wí. "Mo ti ní kí igbákejì mi lọ bá mi pè é. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá pe dókítà."

Mo na ọwọ́ sí fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n fa á sẹ́yìn. "Jókòó, Tíṣà."

Mo jókòó. Ohùn ẹni ẹlẹ́ni ń wọlé láti ojú fèrèsé, ètè Bàbá sì ń bá a lọ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan títí ó fi parí.

"Ó ń sáré pè é jù," ni wọ́n wí, wọ́n sì na ọwọ́ mú oògùn àárọ̀ wọn àti ife omi.